Ohun tí Alárinà Ń Wá Nínú Ẹ̀jẹ̀

Bí ọmọ Èjìgbò kan ní Koumassi Remblais bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fi ṣaya, wọ́n á kọ́kọ́ ṣàdúrà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé fóònù. Ọmọ ta ni? Agboolé wo? Bí ìyá ọmọbìnrin náà bá jẹ́ ará Ìnísà, wọ́n á wá alárinà tó mọ Ìnísà dáadáa. Bí bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìpè á dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ayé àwọn bàbá ńlá wọn: ṣé wárápá wà nílé yẹn, ṣé ẹ̀tẹ̀ mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí, ṣé wọ́n ń ya wèrè? Ká ní ẹni tí wọ́n pè wá fèsì pé, "Màmá, kò sí wèrè níbẹ̀ o. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn kàn wọ yàrá lọ lọ́jọ́ kan ni, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ó tó oṣù mẹ́ta tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, tí oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun. Wọ́n ní ó ti ṣe ìyá wọn náà bẹ́ẹ̀ rí." Kí ni Màmá yóò ka ọ̀rọ̀ yìí sí?

Remblais wà nínú Koumassi, ní ìhà gúúsù Abidjan, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà Ébrié. Anago ni wọ́n ń pe Yorùbá ní ìlú náà. Àwọn ará Èjìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìwó àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń lọ, wọ́n ti ń bọ̀, títí dé ibi tí ẹni tó bá dé Èjìgbò lónìí fi lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọlọ́jà. Ẹnubodè mẹ́rin ló wà láàárín ọkọ àti ibi tí wọ́n ti ń lọ wádìí ìyàwó. Ìyẹn ò dí ìwádìí lọ́wọ́ rí.

Àìsàn tí wọ́n ń sọ yìí ni àwọn dókítà ń pè ní àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan tàbí ọ̀fọ̀ tó ṣẹ èèyàn. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ẹnì kan ò dùn rárá, tí ohun tó ń wù ú tẹ́lẹ̀ ò wù ú mọ́, tí oorun àti oúnjẹ dàrú, tí ara wúwo, tí ó ń rò pé òun ò wúlò fún ohunkóhun, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ṣòro kí Yorùbá tó wọ ilé ìwòsàn sọ ọ́ báyẹn. Orí ló máa ń sọ pé ó ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn lára òun, tàbí pé àyà òun ń já. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gba oògùn ibà fún ohun tí kì í ṣe ibà.

Alárinà kò jẹ̀bi pátápátá. Àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé lóòótọ́. Ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ti ní in, ewu tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹni tí kò ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹbí ń fún ara wọn ní ohun tó ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n jọ ń jẹ gbèsè, wọ́n jọ ń gbé yàrá tó há, wọ́n jọ ń fara gbá ìbínú bàbá kan náà. Báwo lèèyàn ṣe máa ya èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó wà nínú ilé?

Ìbejì ni wọ́n fi yà á. Àwọn ìbejì kan wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo, DNA wọn kò yàtọ̀ síra. Àwọn mìíràn wá láti inú ẹyin méjì, wọn ò sì sún mọ́ ara wọn ju ọmọ ìyá lásán lọ. Bí Táíwò bá ṣàìsàn, tí àìsàn náà sì ń mú Kẹ́hìndé nígbà púpọ̀ láàárín àwọn oníẹyin-kan ju láàárín àwọn oníẹyin-méjì lọ, a jẹ́ pé DNA lọ́wọ́ sí i. Lọ́dún 2000, Patrick Sullivan, Michael Neale àti Kenneth Kendler kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé nínú ohun tó ń mú kí ènìyàn kan yàtọ̀ sí èkejì ní ti àìsàn yìí, ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló tọ́ ká kà sí àbínibí. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ìbejì ilẹ̀ Sweden ní 2006 gbé iye náà sí ìdá 42 fún obìnrin àti 29 fún ọkùnrin.

Ó yani lẹ́nu pé kò sí ìbejì Yorùbá kankan nínú ìṣirò yẹn. Àwa tí a ń bí ìbejì ju gbogbo ayé lọ, tí Patrick Nylander ka nǹkan bí ìbejì 45 nínú ìbí 1,000 kọ̀ọ̀kan ní Ìgbó-Ọrà! Púpọ̀ nínú tiwa ló jẹ́ oníẹyin-méjì, àmọ́ àwọn tó kù pàápàá, kò sẹ́ni tó kà wọ́n mọ́ ọn.

Ìdá 37 yìí kò túmọ̀ sí pé bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ìdá 37 nínú àìsàn rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá wá, kí èyí tó kù jẹ́ ti ayé. Iye tí wọ́n ń kà láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn ni, kì í ṣe nínú ara ẹnì kan. Bí ayé àwọn èèyàn yẹn bá yí padà, iye náà lè yí padà.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni jẹ́nótáìpù. Ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS ti di ara ìfẹ́sọ́nà. Àwọn pásítọ̀ ń bèèrè ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó so yìgì, ọ̀pọ̀ sì ti kọ ẹni tó wù wọ́n sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí àìsàn fòniku-fọ̀ladìde wà lọ́wọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà nínú jíìnì kan ṣoṣo. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí aya jẹ́ AS, a ti mọ ìṣirò rẹ̀: nínú ọmọ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ SS, oyún kọ̀ọ̀kan ló sì ní ewu tirẹ̀. Àyẹ̀wò náà kò gbówó lórí, èsì rẹ̀ kò sì ṣiyèméjì. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ní jíìnì nínú, wọ́n rò pé yóò ní AS tirẹ̀. Kò ní.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn ti rò bẹ́ẹ̀ rí, ìtàn bí wọ́n ṣe rò ó sì dùn ún gbọ́. Ní Dunedin, ní New Zealand, wọ́n ti ń tọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1972 àti 1973 lẹ́yìn láti kékeré. Lọ́dún 2003, Avshalom Caspi, Terrie Moffitt àti ẹgbẹ́ wọn gbé èsì ohun tí wọ́n rí lára 847 nínú wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Jíìnì kan wà tó ń ṣètò bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe ń gba serotonin padà, serotonin sì ni èròjà tí ọ̀pọ̀ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Apá kan jíìnì yìí gùn lára àwọn kan, ó kúrú lára àwọn mìíràn. Caspi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀dà kúkúrú, tí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ilé tàbí ìfẹ́ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì á tètè mú un ju ẹni tó ní ẹ̀dà gígùn lọ.

Ta ni ìyẹn ò ní dùn mọ́? Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ayé wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì pàdé. Ìwé ìròyìn káàkiri àgbáyé gbé e, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwádìí mìíràn ló sì tẹ̀ lé e. Ní 2009, Neil Risch àti àwọn kan kó 14 nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n tún wọn wò. Èèyàn 14,250 ló wà nínú wọn. Ìṣòro ayé fara hàn kedere pé ó ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Jíìnì yẹn kò fara hàn, yálà ó dá wà tàbí ó so mọ́ ìṣòro. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Richard Border àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mú jíìnì 18 tó lókìkí jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n dán wọn wò lára ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn. Àwọn jíìnì olókìkí náà kò sàn ju jíìnì tí èèyàn bá ṣàdédé nawọ́ mú lọ. Nǹkan bí ogún ọdún iṣẹ́, owó ìjọba, oyè dókítà lóríṣiríṣi, ó wọmi. Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Èèyàn tí wọ́n ń yẹ̀ wò kéré jù fún ohun tí wọ́n ń wá ni, tí nọ́ńbà bá sì ti kéré, oríire lásán lè dà bí òtítọ́.

Kó tó dìgbà náà ni wọ́n ti ń yí ọ̀nà padà. Dípò kí wọ́n fura sí jíìnì kan, wọ́n ń wo gbogbo DNA láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí DNA ẹnì kọ̀ọ̀kan ti yàtọ̀ sí àwòkọ tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n tó mílíọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún. Wọ́n á fi ti àwọn tó ń ṣàìsàn wé ti àwọn tí kò ṣàìsàn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní 2018, wọ́n rí ibi 44 tó ní í ṣe pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní 2019, ó di 102. Ní oṣù kìíní 2025, nínú ìwé ìròyìn Cell, àgbájọ àwọn olùwádìí tí wọ́n ń pè ní Psychiatric Genomics Consortium gbé èsì tó tóbi jù lọ jáde: èèyàn 688,808 tó ní àìsàn náà, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin tí kò ní in, láti orílẹ̀-èdè 29. Ìyàtọ̀ 697 ni wọ́n rí.

Kò sí ẹni tí kò ní ọ̀pọ̀ lára wọn nínú ara. Ọkọ ìyàwó ní tirẹ̀, alárinà náà ní tirẹ̀. Ó dà bí àjọ tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń dá, tí kóówá ń mú fúránkì márùn-ún wá: èèyàn ò lè na ìka sí ẹnì kan láàárín wọn pé òun ló ni owó náà. Bí wọ́n bá sì ṣírò gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí pọ̀ fún ẹnì kan, tí wọ́n fi ń sọ bóyá yóò ṣàìsàn, ohun tí ìṣirò náà lè ṣàlàyé kò ju ìdá 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, láàárín àwọn òyìnbó Yúróòpù tí wọ́n mọ̀ jù. Ẹni tó bá wá fẹ́ ta àyẹ̀wò DNA fún àwọn àna torí ìrẹ̀wẹ̀sì, owó àpò wọn ló ń wá.

Nípa tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i, ó sì ní ìtàn. Lọ́dún 1953, J. C. Carothers, dókítà tó ti darí ilé ìwòsàn Mathari ní Nairobi, kọ ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ṣebí ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná, ọ̀dọ̀ babaláwo tàbí wòlíì ló ń lọ. Ta ló fẹ́ kà á ní Mathari? Ọdún kejì ni Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Nígbà tí òun àti Alexander Leighton láti Yunifásítì Cornell wọ àwọn abúlé agbègbè náà ní 1961, tí wọ́n jókòó ti àwọn èèyàn, tí wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n bá àmì ìrẹ̀wẹ̀sì níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìwé wọn jáde ní 1963.

Ní ti DNA, ìdàkejì pátápátá ló ṣẹlẹ̀: wọ́n mọ̀ wá dáadáa, wọ́n kàn ò bi wá léèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ni. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti ya àwòrán ìyàtọ̀ DNA àwọn èèyàn àgbáyé, Yorùbá 90 láti Ìbàdàn, ọgbọ̀n ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Títí di òní, sẹ́ẹ̀lì wọn ń dàgbà nínú yàrá ìwádìí káàkiri ayé. DNA ọkùnrin kan lára wọn, tí a mọ̀ sí NA18507, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní 2008. Síbẹ̀, nígbà tí Ṣẹ́gun Fátúmọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò gbogbo ìwádìí irú èyí ní 2022, àwọn tó ti ìran Yúróòpù wá kó ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ Áfíríkà kò ju nǹkan bí ìdá kan lọ. Ilẹ̀ wa sì ni ìyàtọ̀ DNA pọ̀ sí jù lọ.

Ṣé ó yẹ kó ká wa lára? Ẹ wo Ìdìkàn, n'Íbàdàn. Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti ń fi àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis ní ti àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Jíìnì kan tó ń jẹ́ APOE ní ẹ̀dà kan tí wọ́n ń pè ní e4. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ní ẹ̀dà e4 kan ṣoṣo ti wọ inú ewu. N'Íbàdàn, ẹni tó ní ẹyọ kan kò sí nínú ewu tó ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Lẹ́tà kan náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Irú rẹ̀ wà nínú ti ìrẹ̀wẹ̀sì: nígbà tí wọ́n yẹ DNA obìnrin Ṣáínà tó lé ní 10,000 wò ní 2015, ibi méjì tí wọ́n rí kì í ṣe ibi tí àwọn òyìnbó ti ń wá a. Ìṣirò tí wọ́n fi ara èèyàn London àti Copenhagen ṣe kò lè sọ púpọ̀ fún ọmọ Anago tó ń wọ ọkọ̀ gbáká lọ sí Treichville.

Ohun tí a mọ̀ nípa ayé rẹ̀ ló lágbára jù. Ní Camberwell, ní gúúsù London, níbi tí Yorùbá ti pọ̀ lónìí bí ẹni pé Mushin ni, George Brown àti Tirril Harris wádìí àwọn obìnrin tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1978. Àdánù ńlá tàbí ìṣòro tí kò lójútùú ló ṣáájú àìsàn lọ́pọ̀ ìgbà. Obìnrin tí kò ní ẹni tó lè finú hàn, tó ń tọ́ ọmọ kéékèèké mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò níṣẹ́ lóde, tí ìyá rẹ̀ kú kó tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun ni ẹ̀fúùfù máa ń tètè gbé. Ẹ fi ìyẹn wo ìyàwó tuntun tí wọ́n mú láti Èjìgbò wá sí Remblais, tí kò tíì gbọ́ Faransé, tí ọkọ ń jí jáde ní ìdájí. Ẹ tún rántí rògbòdìyàn ìdìbò 2010 sí 2011, tó pa nǹkan bí 3,000 èèyàn ní Côte d'Ivoire, tó sì ba ọjà ọ̀pọ̀ àlejò jẹ́.

Grégoire Ahongbonon mọ bí àdánù ṣe ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ Kétoukpè ní Benin ni. Ó dé Côte d'Ivoire ní 1971, ó ń lẹ táyà. Ọwọ́ rẹ̀ ròkè títí ó fi ní takisí tirẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ wó, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Àlùfáà kan ló fà á jáde. Ọdún 1983 ló dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀ ní Bouaké, tí wọ́n ń bẹ àwọn aláìsàn wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló ti ń tú àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀, ní Côte d'Ivoire àti ní Benin. Bí alárinà bá lọ wádìí rẹ̀ nígbà tó ní takisí, kí ni ìbá rí?

Ohun tó yẹ kí ẹbí méjèèjì mọ̀ ni pé àìsàn yìí ń lọ. Oyè Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ n'Íbàdàn ṣe ìdánwò kan lórí àwọn aláìsàn 1,178 ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lásán, kì í ṣe dókítà ọpọlọ, ni wọ́n kọ́ láti tọ́jú wọn. Apá kan gba ìtọ́jú onípele, tí wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè yanjú ìṣòro wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá kejì gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń fúnni tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kàn mú sunwọ̀n díẹ̀. Nígbà tí ọdún kan fi pé, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti bọ́ nínú àìsàn, ní apá méjèèjì. Àwọn olùwádìí ti retí pé apá àkọ́kọ́ yóò ta èkejì yọ. Kò ta á yọ.

Ní Abidjan, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Bingerville láti 1962. Bí ẹnì kan bá dé irú ibẹ̀, dókítà yóò bèèrè ọ̀rọ̀ ẹbí, ó sì yẹ kí wọ́n sọ òtítọ́ fún un. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá aláìsàn bá ti ní àìsàn tó ń mú inú dùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí èèyàn á máa ná owó bí omi, tí kò ní sùn, kí ó tó tún rẹ̀wẹ̀sì, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè ti aláìsàn sínú irú ìdùnnú rírú yẹn, dókítà á sì ní láti yan oògùn mìíràn. Bí oògùn kan bá ti bá ẹ̀gbọ́n lára mu dáadáa rí, àwọn dókítà kan máa ń fi ṣe àkọ́kọ́ tí wọ́n á dán wò fún àbúrò.